Òǹkọ̀wé tí Olùtẹ̀lé Rẹ̀ Kò Pọ̀

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀dọ́ tí ó fẹ́ràn ìwé kíkọ ni ó rò pé kò sí bí òǹkọ̀wé ti lè rí owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àfi bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn bá jẹ́ olùtẹ̀lé rẹ̀, èyíinì ni àwọn tí ó yàn láti máa ka ohun tí ó bá kọ. Wọn a wo iye olùtẹ̀lé àwọn òṣèré àti àwọn aláwàdà lórí Facebook, wọn a sì wo tiwọn, tí kò ju 200 tàbí 300 lọ, ọkàn wọn a sì rẹ̀wẹ̀sì. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú èrò yìí. Láti ọdún 2018, YouTube kì í pín owó ìpolówó ọjà fún ẹni tí olùtẹ̀lé rẹ̀ kò bá tó 1,000, bí ó ti wù kí iṣẹ́ rẹ̀ dára tó. Ṣùgbọ́n owó aláwàdà ni owó ìpolówó ọjà. Ogunlọ́gọ̀ ni ó ń mú un wá. Owó òǹkọ̀wé a máa ti ọwọ́ ẹni tí ó fẹ́ ka ìtàn rẹ̀ débi pé yóò tọwọ́ bọ àpò wá, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò sì níláti pọ̀.

Ìṣirò rẹ̀ kò ṣòro. Bí òǹkọ̀wé kan bá ní olùtẹ̀lé 300, tí 40 péré nínú wọn sì ra ìwé rẹ̀ ní ₦1,500, ₦60,000 ni yóò wọlé fún un. Bí òmíràn bá ní 10,000 tí wọ́n kàn ń rẹ́rìn-ín kọjá, tí 10 sì rà á ní iye kan náà, ₦15,000 ni tirẹ̀.

Wíwá olùkà kí a tó tẹ ìwé kì í ṣe ohun titun ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún 1929, Isaac Babalọlá Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn lẹ́tà kan jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé obìnrin kan tí ń jẹ́ Sẹ̀gilọlá ni ó kọ wọ́n. Obìnrin yìí, tí àìsàn ti dá gúnlẹ̀, ń ròyìn ayé fàájì tí ó jẹ nígbà èwe rẹ̀ àti ìyà tí ó gbẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn òǹkàwé gbà á gbọ́ bí ẹni pé ó wà láàyè ní Èkó. Wọ́n ń dúró de lẹ́tà tí ó kàn, àwọn kan sì ń kọ̀wé sí olóòtú nípa rẹ̀. Àwọn tí ń ra ìwé ìròyìn Yorùbá nígbà náà kò pọ̀. Síbẹ̀, nígbà tí Thomas kó àwọn lẹ́tà náà jọ di ìwé ní ọdún 1930, àwọn tí ó mọ Sẹ̀gilọlá ti wà nílẹ̀.

Ọ̀nà kan náà ni àwọn òǹkọ̀wé òde òní ń tọ̀ lórí Facebook. Wọn a gbé orí kan nínú ìtàn jáde lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọjọ́ kan pàtó lọ́sẹ̀, wọn a sì já a níbi tí ó ti gbóná. Nígbà tí ó bá di orí kẹfà tàbí ìkeje, wọn a ní kí ẹni tí ó bá fẹ́ mọ òpin rẹ̀ san owó díẹ̀, kí ó sì wọ inú ẹgbẹ́ kan lórí WhatsApp, níbi tí ìyókù yóò ti máa jáde. Ohun tí ó ṣòro jù nínú iṣẹ́ yìí ni kí ọjọ́ má yẹ̀. Olùkà tí ó dúró de ìtàn ní ọjọ́ Ẹtì méjì tí kò rí i, kò ní bínú. Yóò kàn gbàgbé ni, èyí sì burú ju ìbínú lọ.

Ẹlòmíràn kì í fúnni ní ìtàn rárá. "Ẹ wá ra ìwé mi" ni ó ń kígbe láti àárọ̀ dalẹ́. Olóògùn inú ọkọ̀ gbọ́n jù ú lọ. Olóògùn a kọ́kọ́ gbàdúrà fún èrò ọkọ̀, a sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀yìn ríro àti àìróorunsùn, títí àwọn kan yóò fi máa mi orí, kí ó tó mú oògùn jáde nínú àpò.

Ó yẹ kí òǹkọ̀wé mọ bí irinṣẹ́ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú. Facebook kì í fi ọ̀rọ̀ tí ènìyàn kọ han gbogbo olùtẹ̀lé rẹ̀. Ẹ̀rọ ni ó ń yan àwọn tí yóò rí i. Lórí WhatsApp, a lè fi ọ̀rọ̀ kan náà ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò gbà á bí ẹni pé òun nìkan ni a kọ ọ́ sí. Ṣùgbọ́n kò ní dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò bá fi nọ́ḿbà òǹkọ̀wé pamọ́ sínú fóònù tirẹ̀. Nítorí náà, òǹkọ̀wé tí ó mòye a bẹ olùkà pé kí ó fi nọ́ḿbà òun pamọ́ kí ó tó bẹ̀ ẹ́ láti ra ohunkóhun. Òun náà a sì kọ orúkọ àti nọ́ḿbà àwọn tí ó rà sínú ìwé kan. Okadabooks, ilé ìtàwé orí íntánẹ́ẹ̀tì tí a dá sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní ọdún 2013, kógbá sílé ní ọdún 2023. Nígbà tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, òǹkọ̀wé tí kò mọ àwọn oníbàárà rẹ̀ yóò pàdánù wọn pọ̀ mọ́ ilé ìtàwé náà. Ẹni tí ó ní nọ́ḿbà wọn yóò kàn wí fún wọn pé òun ti kó lọ sí ibòmíràn.

Olè kò ní ṣàìwà. Ìwé tí a tà fún ẹnì kan lórí fóònù lè ti dé ọwọ́ ogún ènìyàn kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn kan a máa kọ orúkọ olùrà sí ojú ewé kọ̀ọ̀kan, kí ojú lè ti ẹni tí ó bá fẹ́ pín in kiri. Bẹ́ẹ̀ ni àwòrán tí oníbàárà fi ránṣẹ́ pé òun ti sanwó kì í ṣe owó, títí báńkì yóò fi jẹ́rìí sí i.

Ẹ̀wẹ̀, kì í ṣe ìwé nìkan ni olùkà ń rà. Òbí kan ní London tí ìtàn Yorùbá kan dùn mọ́ lè béèrè bóyá ẹni tí ó kọ ọ́ yóò máa kọ́ àwọn ọmọ òun ní èdè náà lórí fóònù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé. Òmíràn lè fẹ́ kí ó to oríkì ìdílé òun fún ọjọ́ ìgbéyàwó. Ilé iṣẹ́ kan lè wá ẹni tí yóò tú ìkéde rẹ̀ sí Yorùbá. Ẹni tí ó fẹ́ gbé irú iṣẹ́ yìí síta kì í ka iye olùtẹ̀lé. Gbólóhùn ni ó ń wò, àti bóyá àmì ohùn jókòó síbi tí ó yẹ.