Ìró Báńgà Lọ́jà Ọdún: Ohun Tí Etí Yorùbá Ń Gbọ́

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ayé lọjà, ọ̀run nilé. Bí ọjà bá jẹ́ ayé lóòótọ́, kò sí ìgbà tí ayé ń dùn ní Adó-Èkìtì tó ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì. Ọyẹ́ á ti mú, àwọn ọmọ ìlú tó wà ní Èkó àti Ìbàdàn á ti wọlé dé, èrò á sì kún láti Fájuyì títí dé Ọjà Ọba níwájú ààfin Ewì. Iṣu ni, adìyẹ ni, ata ni, aṣọ ọmọdé ni. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, báńgà á bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, mo fẹ́ fi ojú akẹ́kọ̀ọ́ èdè wo báńgà tí à ń yìn lọ́jà ọdún. Ìbéèrè mi kò ju ẹyọ kan lọ: kí ni etí Yorùbá ń gbọ́ nígbà tí ẹ̀tù bá bú? Òǹkàwé yóò rí i pé ìdáhùn rẹ̀ kò pin sí kíláàsì. Ó kan àwọn ìyá wa tó ń tajà.

1. Ojú ni tàbí etí?

Ẹ̀tù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn láyé fi ń ṣe irú àríyá yìí, ṣùgbọ́n orúkọ tí wọ́n ń pè é yàtọ̀ síra. Ní ilẹ̀ Jàpáàn, nígbà ooru, wọ́n máa ń yìn ín sójú ọ̀run létí odò àti létí èbúté, àwọn olóúnjẹ á sì pàtẹ sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Hanabi ni wọ́n ń pè é. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni òdòdó iná. Ojú ló sọ ọ́ lórúkọ.

Àwa ńkọ́? Báńgà tí a yá lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì, ìró ló wà nídìí rẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ wa ojoojúmọ́, a kì í sọ pé báńgà tàn. A ní ó dún, ó ró, ó bú. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí a fi ń yin ìbọn náà la fi ń yin báńgà. Ọ̀rọ̀ yìí sì bá yìn tí a fi ń yin ọba dọ́gba ní ìró àti ní ohùn. N kò sọ pé ọ̀kan ló bí èkejì, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbọ́ ìbọn níbi ìsìnkú àgbà tàbí níbi ìwúyè yóò mọ̀ pé méjèèjì máa ń pàdé.

2. Ogun méjì tí ìró sọ lórúkọ

Ẹ jẹ́ ká wá wo ẹ̀yìn. Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yin ìbọn àgbá lu Èkó. Wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè, wọ́n sì dá Akítóyè padà. Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gba orí omi lọ tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́. Àwọn ará Èkó kò fi orúkọ ọba tàbí ti ọkọ̀ kankan pe ogun yìí. Ìró ìbọn ni wọ́n fi pè é: Àgídìngbì.

Láàrin ọdún 1877 sí 1893 ni Èkìtìparapọ̀ àti Ìbàdàn bára wọn jà ní agbègbè Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí. Ìró ìbọn tó ń dún láàrin òkè ló sọ ogun yẹn náà lórúkọ: Kírìjì.

Ìfìrógbóyeyọ ni méjèèjì, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí ìró rẹ̀ ń fi ìtumọ̀ rẹ̀ hàn. Ẹ wo ohùn wọn. Kírìjì jẹ́ mí, dò, dò. Àgídìngbì jẹ́ dò, mí, dò, dò. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ohùn òkè kan ṣoṣo ló wà, ohùn ìsàlẹ̀ méjì sì tẹ̀lé e. Lójú tèmi, ohùn òkè yẹn ni ìbúgbàmù fúnra rẹ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ méjì ni gbohùngbohùn tó ń yí lọ lórí omi tàbí láàrin òkè. Èyí kò ṣàjèjì sí èdè wa. Ohun kékeré ló ń rí róbótó, ohun ńlá ló ń rí ròbòtò. Bákan náà, ìṣó àti ẹ̀tù ìṣáná tí ọmọdé fi sínú irin tẹ́ẹ́rẹ́ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ń dún tó! Ìbọn ńlá ń dún gbì!

3. Yèyé lábẹ́ àtẹ

Ní ọdún kan, mo bá ìyá mi àgbà pàtẹ ata lọ́jà ọdún. Àwọn ọmọkùnrin kan ju báńgà sẹ́bàá ẹsẹ̀ wa. Kí n tó ṣẹ́jú, Yèyé ti wà lábẹ́ àtẹ, ata ti dà sílẹ̀. Àwọn ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Yèyé, ẹ dìde, báńgà lásán ni.”

Wọ́n dá mi lóhùn láti ìsàlẹ̀ ibẹ̀ pé, “Ojú rẹ ló rí i pé lásán ni. Etí tèmi ò mọ lásán.”

Ọ̀rọ̀ yìí ló bí àpilẹ̀kọ yìí. Yèyé rántí rògbòdìyàn ìdìbò ọdún 1983 ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó àtijọ́, tí Adó wà nínú rẹ̀ nígbà náà. Lóde òní tí ẹ̀rù ajínigbé ń ba aráyé, ta ni yóò dúró wò ó bóyá báńgà ni? Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀: ìbọn ní àpátí, kò ní àpátí, ta ní jẹ́ jẹ́ ká kọjú rẹ̀ sí òun? Ewu rẹ̀ kì í sì í ṣe ti àyà jíjá nìkan. Ní ọjọ́ 26 oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2012, ilé kan tí wọ́n kó báńgà pamọ́ sí ní agbègbè Jánkárà ní Ìsàlẹ̀ Èkó bú gbàmù. Ilé tó wà nítòsí jóná, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì fara pa.

Ìgúnlẹ̀

N kò sọ pé kí a pa ayọ̀ ọdún. Ọmọdé ni mí, mo fẹ́ràn báńgà. Ṣùgbọ́n nínú èdè wa, ìró ẹ̀tù kan náà ló ń sọ ogun lórúkọ tó sì ń kéde ọdún. Ibi tí ìró náà ti dún àti ẹni tó gbọ́ ọ ló ń pààlà láàrin ayọ̀ àti ìbẹ̀rù. Nítorí náà, ibi tó yẹ báńgà ni pápá gbalasa, níbi tí ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ yóò ti lọ gbọ́. Kí a fi ọjà sílẹ̀ fún olówò.

Iṣẹ́ tún kù fún àwa akẹ́kọ̀ọ́. Kí olúkúlùkù béèrè lọ́wọ́ àgbà ilé rẹ̀ bí ìbọn ṣe ń dún ní ẹ̀ka-èdè tirẹ̀, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn. Ibẹ̀ ni ìtàn tí ìwé kò kọ wà.