Ọ̀pá Dí, Epo Dì

Ẹni tí ó bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé "epo di", tí kò fi àmì ohùn kan sí i, kí ó má bínú bí a bá bi í léèrè èwo ni ó ń wí: ṣé epo náà dí nǹkan ni, àbí òun fúnra rẹ̀ ni ó dì, tàbí ó ti di ohun mìíràn? Ọ̀pá ní í dí, epo ní í dì. Ọ̀pá lè dí láìjẹ́ pé epo inú rẹ̀ dì, bí iyanrìn bá kó sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí epo rọ̀bì bá dì gbagidi láti ìkangun kan dé èkejì, epo tí a torí rẹ̀ ri ọ̀pá mọ́lẹ̀ náà ni ó wá ń dínà fún ara rẹ̀, a ó sì kọ ọ́ báyìí: epo dì, ó sì dí ọ̀pá.

Epo tí ìda pọ̀ nínú rẹ̀ ni èyí ń ṣe jù. Irú rẹ̀ ni ti Mangala, ní agbègbè Barmer, ìpínlẹ̀ Rajasthan ní Íńdíà, tí wọ́n ṣàwárí ní ọdún 2004. Àwa tí a mọ̀ pé ìgbà ọyẹ́ ni epo pupa, ìrọjú ọbẹ̀, máa ń dì sínú ìgò, tí àwọn ìyá wa a sì gbé e sí ẹ̀bá ààrò kí ó tó wọ́ jáde, yóò yà wá lẹ́nu pé epo Mangala a máa dì ní ìwọ̀n 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius àti díẹ̀ lé e, nínú ooru tí ń mú ènìyàn bọ́ ẹ̀wù. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n ń ri ọ̀pá tí yóò gbé e la aṣálẹ̀ kọjá dé etíkun Gujarat, ìrìn nǹkan bí 670 kìlómítà, wọ́n fi ohun tí kì í jẹ́ kí ooru jáde wé e, wọ́n sì jó túùbù irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí wáyà wà nínú rẹ̀. Iná mànàmáná a gba inú wáyà lọ, a gba ara túùbù padà, túùbù a gbóná, a sì mú ọ̀pá ńlá gbóná pẹ̀lú, ní nǹkan bí ìwọ̀n 65.

Bí iṣẹ́ bá dúró tí epo sì dì, a lè fi ẹ̀rọ tì í tipátipá, ṣùgbọ́n ọ̀pá ní ìwọ̀n agbára tí ó lè gbà kí ó tó bẹ́. Àwọn àgbà wí pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ooru sì ni ẹ̀sọ̀ tí ọ̀ràn yìí ń fẹ́. Epo a kọ́kọ́ rọ̀, lẹ́yìn náà a yọ́, a máa wọ́ díẹ̀díẹ̀, kí ó tó ṣàn. Àwọn kan a máa fi "yọ́" kó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Èmi kò fara mọ́ ọn, nítorí epo tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ ṣì lè jókòó sójú kan, kí ẹni tí ó kà á pé ó ti yọ́ sì lọ tan ẹ̀rọ.

Àmì ohùn tún ń ṣiṣẹ́ níbòmíràn. Bí a bá sọ fún òṣìṣẹ́ pé "yọ́ ọ", ooru ni a ní kí ó lò. Bí a bá ní "yọ ọ́", kí ó fà á jáde ni, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe sí iyanrìn. Ẹni tí ó bá sì ń kọ irú àṣẹ bẹ́ẹ̀, kí ó kọ ibi tí wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn: láti ìkangun tí ó ṣí sílẹ̀ ni a ti ń yọ́ ọ bọ̀ wá sí àárín, nítorí pé epo tí ó gbóná a máa wú, bí ó bá sì jẹ́ àárín ni a kọ́kọ́ dáná sí, tí èyí tí ó dì ṣì há a mọ́ níwájú àti lẹ́yìn, kò níbi tí yóò gbà jáde àfi kí ó bẹ́ ọ̀pá.