Ẹ̀tẹ̀ Inú Ẹ̀rọ Fọ́tòkọ́pì

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Òwe yìí ló sọ sí mi lọ́kàn lọ́jọ́ tí mo yà sí ṣọ́ọ̀bù obìnrin kan tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì ní Obajana, lẹ́bàá títì tó lọ sí Kabba. Ìwé há sínú ẹ̀rọ rẹ̀, ó fà á yọ. Òmíràn há, ó tún fà á yọ. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún, ó gbá ẹ̀rọ náà létí. Àwọn awakọ̀ tírélà tó fẹ́ ṣe ẹ̀dà ìwé ọkọ̀ wọn tò sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń pòṣé.

Ìwé tó há yẹn, làpálàpá ni. Ẹ̀yìn ẹ̀rọ ni ẹ̀tẹ̀ wà, níbi tí motor ti ń yí àwọn gíà oníke, tí gíà ń yí bẹ́líìtì, títí agbára fi dé ọ̀dọ̀ rọ́là tó ń gbé ìwé. Bí eyín gíà kan bá ká nísàlẹ̀, rọ́là òkè ló máa dákẹ́, òun náà la ó sì máa bú.

Iléeṣẹ́ sìmẹ́ńtì Dangote tó wà ní Obajana lè ṣe mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 16.25 lọ́dún, nítorí náà tírélà kì í dá lójú títì yẹn. Iṣẹ́ ń bẹ fún onífọ́tòkọ́pì, eruku náà sì ń bẹ. Eruku ojú títì àti ti ọyẹ́ á bá gírísì pò lára gíà, á wá máa jẹ ike bí yanrìn.

Ìwọ tó ń fi ẹ̀rọ yìí jẹun, ẹni tó bá fara balẹ̀ pa èèrà ni yóò rí ìfun rẹ̀. Kí o tó ra ohunkóhun, pa ẹ̀rọ, yọ wáyà rẹ̀ lára iná, kí o sì jẹ́ kí ibi tí ìwé ti ń gba ooru tutù. Ibẹ̀ gbóná ju omi híhó lọ. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì Xerox 914, tó jáde lọ́dún 1959, mọ̀ bẹ́ẹ̀: wọ́n fi ohun ìpaná kékeré kún un, torí ìwé tó bá há níbẹ̀ lè gbiná.

Lẹ́yìn náà, yọ ilé dúrọ́ọ̀mù, yọ ilé tónà, yọ ilé ooru. Fi ọwọ́ yí gíà ọ̀kọ̀ọ̀kan, síhà ibi tó ń yí sí nìkan. Èyí tó bá le, tàbí tó ń dún kẹ́ lójú kan náà ní gbogbo ìgbà tó bá yí po, òun ni ọ̀daràn. Má gbàgbé ibi tí ìdọ̀tí tónà ń kó sí. Bó bá kún, irin wíwé tó ń tì í lọ á há, motor á máa ké, a ó sì rò pé motor ló kú. Lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ Canon, àmì àṣìṣe E010 ń sọ pé motor àgbà kò yí bó ṣe yẹ. Kò sọ pé ó ti bàjẹ́. Ó lè jẹ́ ẹrù tó wà níwájú rẹ̀ ló wúwo jù.

Bí motor bá ń lọ geere tí rọ́là kan ṣoṣo kò yí, clutch tó ń so rọ́là náà mọ́ motor ni kí o kọ́kọ́ fura sí. Bí àmì dúdú bá sì ń tò sórí ìwé ní àlàfo kan náà, gbé rúlà: rọ́là tí ìdábùú rẹ̀ jẹ́ mílímítà 30 máa ń rin nǹkan bí mílímítà 94 kó tó yí po lẹ́ẹ̀kan. Àmì yẹn á dárúkọ ẹni tó fi í síbẹ̀.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í ní ni lára. Ìwé tí a fi tipátipá fà sẹ́yìn máa ń ká eyín gíà, ẹni tó fà á kì í sì í mọ̀ títí di ọ̀sẹ̀ kejì.

A tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ obìnrin náà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Gíà kékeré kan ti sán ní ihò àárín, ó ń yọ̀ lórí irin rẹ̀ bí ara ẹ̀rọ bá ti gbóná. Ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó wò ó títí.

“Ẹ̀gbọ́n,” ló wí, “rọ́là méjì ni mo ti rà o.”