Ẹ̀kọ́ Kejìlá: Ibi tí odò yóò dé

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ẹ wo ògiri ilé yín. Ǹjẹ́ àmì omi wà lára rẹ̀? Ẹni tí ó ń gbé ní Bonou, Adjohoun, Dangbo tàbí Aguégués mọ ohun tí à ń sọ.

Odò Ouémé ń bọ̀ láti ìhà àríwá Benin. Ó gba ẹ̀gbẹ́ Ṣábẹ̀ẹ́ àti Kétu kọjá, odò Ọ̀pàrà sì ṣàn sínú rẹ̀, kí ó tó dé ọ̀sà Àjàṣẹ́ àti adágún Nokoué. Òjò tí ó rọ̀ lókè lọ́hùn-ún ni ó ń kún odò nísàlẹ̀. Nítorí náà, oòrùn lè máa ràn lórí oko yín ní oṣù kẹjọ, kí omi sì máa bọ̀. Ní ọdún 2010, omíyalé kan ènìyàn tí ó lé ní 600,000 ní Benin.

Báwo ni a ṣe lè mọ ibi tí omi yóò dé kí ó tó dé?

Ẹ mú àwo ńlá kan. Ẹ fi amọ̀ sínú rẹ̀, kí ibì kan ga, kí ibì kan rẹlẹ̀. Ẹ fi ìka fa ojú odò. Ẹ rọra da omi sí i láti òkè. Omi yóò kọ́kọ́ gba ojú odò. Bí ó bá kún, yóò ya lọ sí ibi tí ó rẹlẹ̀.

Irú àwo yìí ni àwọn onímọ̀ ń ṣe nínú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ni amọ̀ tiwọn. Wọ́n pín ilẹ̀ sí igun mẹ́rin mẹ́rin, bí ojú àwọ̀n apẹja. Ojú kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tí ó sọ bí ó ti ga tó láti ojú òkun. Wọ́n á wá sọ fún ẹ̀rọ náà iye omi tí odò gbé kọjá ní Bonou, níbi tí wọ́n ti ń wọn ọ́n. Ẹ̀rọ á bi ojú kọ̀ọ̀kan pé: ta ni ó rẹlẹ̀ jù ọ́ lọ nínú àwọn aládùúgbò rẹ? Omi mélòó ni yóò lọ sọ́dọ̀ rẹ̀? Á ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra, títí yóò fi hàn bí omi yóò ti jìn tó níbi gbogbo.

Ta ni ó wọn ilẹ̀? Ní oṣù kejì ọdún 2000, ọkọ̀ ojú ọ̀run Endeavour ti Amẹ́ríkà yí ayé ká fún ọjọ́ 11, ó ń fi ẹ̀rọ rédà wọn gíga ilẹ̀. Ojú àwọ̀n tirẹ̀ fẹ̀ tó 30 mítà. Agbo ilé kan lè wọ inú rẹ̀ tán, ti òkè ti ìsàlẹ̀, kí gbogbo rẹ̀ sì gba nọ́ńbà kan ṣoṣo. Rédà náà tún máa ń ka orí igi mọ́ ilẹ̀. Igbó ọ̀pẹ lè dà bí òkè lójú rẹ̀. Kò sì rí ìsàlẹ̀ odò.

Ní Ṣábẹ̀ẹ́ tí òkè wà, àṣìṣe mítà kan kò ṣe nǹkan púpọ̀. Ní Aguégués tí ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, àṣìṣe kan náà lè sọ pé àdúgbò kan yóò gbẹ, nígbà tí omi yóò bò ó. Èyí ni ó ń bà mí lẹ́rù jù.

Ẹ̀rọ mìíràn wà tí wọ́n ń gbé sínú ọkọ̀ òfuurufú. Ó ń ta ìtànṣán tín-ínrín sílẹ̀, díẹ̀ nínú rẹ̀ á gba àárín ewé kan ilẹ̀ gan-an. Ojú àwọ̀n tirẹ̀ lè jẹ́ mítà kan péré, á sì rí ebè ọ̀nà tí ó dí omi. Ṣùgbọ́n ó wọ́n.

Ìdí nìyí tí àmì ara ògiri yín fi níye lórí. Bí ẹ̀rọ bá ní omi mọ ní orúnkún, tí ògiri sì ní àyà ni, ẹ̀rọ ni wọn yóò tún ṣe. Àwọn kan máa ń kun ilé kí wọ́n tó rántí. Ẹ fi ìṣó gbẹ́ ìlà síbẹ̀ ná.

Iṣẹ́ ṣíṣe: Ẹ wọn àmì náà láti ilẹ̀. Ẹ kọ gíga rẹ̀, oṣù àti ọdún sí ẹ̀gbẹ́ ìlà náà, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé yín.