Àlejò Lójú, Kò Fi Ríran

Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Bí èèyàn bá rìn jìnnà, yóò rí abuké erin. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń gbé Èkó ló ti fò lọ sí Dubai lọ wo ilé gíga, tí ẹsẹ̀ wa ò sì tíì kan Òkè Ìdànrè rí. Kí èèyàn wa ọkọ̀ jáde l'Ékòó, kó gba Abẹ́òkúta, Òṣogbo, Ifẹ̀, Ẹ̀rìn Ìjẹ̀ṣà àti Ìkọ́gòsì dé Ìdànrè, kó wá gba Oǹdó àti Ọ̀rẹ̀ padà sílé, kò gba físà, kò gba ìwé ìrìnnà. Ọ̀sẹ̀ kan tó o. Ó sì ṣeé dá rìn, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin.

Ṣùgbọ́n ẹnìkan kì í jẹ́ àwádé. Ẹni tó dá lọ kò ní ẹni tí yóò ṣọ́ ẹrù nígbà tó bá fẹ́ ra omi, kò sì sí ẹni tí yóò fọwọ́ tọ́ ọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti ń tòògbé." Ìmọ̀ràn tèmi kò ju ẹyọ kan lọ, àlàyé rẹ̀ ni ìyókù: ẹ dá wakọ̀ bó bá wù yín, ẹ má dá wòran. Àlejò lójú, kò fi ríran. Ojú onílé ni kí ẹ máa yá lò níbi gbogbo tí ẹ bá dé.

Ilé là á ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde, nítorí náà kí mẹkáníìkì tí ẹ fọkàn tán yẹ bíréèkì wò, kó yẹ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò, kó má sì gbàgbé ìkarùn-ún tó wà ní búùtù. Ìkarùn-ún yẹn ló máa ń dójú tini: ọjọ́ tí a bá nílò rẹ̀ gan-an la máa ń mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ti tán nínú rẹ̀. Ẹ mú owó bébà dání, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í fi gbogbo ìgbà dé ẹsẹ̀ òkè, ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì kò sì ní dúró de báǹkì yín. Kí ẹnì kan nílé mọ òtẹ́ẹ̀lì tí ẹ ó sùn sí lálaalẹ́. Kí ẹ pè é bí ẹ bá ti wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé fọ́tò ibi tí ẹ wà sórí Facebook títí ẹ ó fi kúrò níbẹ̀.

Ti wíwakọ̀ lóru kò ní àríyànjiyàn lọ́dọ̀ mi: ẹ má ṣe é. Ajínigbé ń bẹ, kòtò ń bẹ, tírélà tó kú sáàárín títì láìtan iná ń bẹ. Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ti pọ̀ jù. Kí ilẹ̀ mọ́ kí ẹ tó gbéra, kí oòrùn tó wọ̀ kí ẹ ti gbé ọkọ̀ sínú ọgbà.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tó ń júwe ọ̀nà lórí fóònù. Ó wúlò, mo ń lò ó. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó ní ó yá jù lè jẹ́ èyí tí àgbàrá ti gé láti ọdún tó kọjá. Abèèrè kì í ṣìnà. Bí ẹ bá dé oríta tó rú yín lójú, màmá tó ń sun bọ̀ọ̀lì ni kí ẹ kọ́kọ́ kí, nítorí ojú kan náà ló jókòó sí látàárọ̀, ó sì ti rí àwọn tó lọ tí wọ́n tún ṣẹ́rí padà. Ẹ rà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó bi í. Lẹ́yìn náà, kí ẹ tún bi ọlọ́kadà kan. Bí ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì bá dọ́gba, ẹ máa lọ.

Ní Abẹ́òkúta, Òkè Olúmọ ni gbogbo ayé mọ̀. Wọ́n ṣe ẹ̀rọ agbénigòkè síbẹ̀ fún ẹni tí orúnkún ń dùn, àmọ́ bí ara yín bá dá ṣáṣá, àtẹ̀gùn ni kí ẹ gbà, torí abẹ́ àpáta ni ìtàn wà. Ibẹ̀ ni àwọn Ẹ̀gbá fara pamọ́ sí lásìkò ogun, lẹ́yìn tí Ṣódẹkẹ́, olórí wọn, ti kó wọn dé ibẹ̀ ní 1830. Àwọn ihò tí wọ́n ti ń lọ oúnjẹ ṣì wà lára òkúta; bí kò bá sí ẹni tó fi wọ́n hàn yín, ẹ ó kàn tẹ̀ wọ́n kọjá ni. Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, Ìtòkú kò jìnnà, ọjà àdìrẹ ni. Ẹ tètè ná an, kí ẹ sì kúrò kí ọjà tó kún.

Òṣogbo gba ìfarabalẹ̀. Igbó Ọ̀ṣun tó nǹkan bíi hẹ́kítà 75, àjọ UNESCO sì fi kún àwọn ogún àgbáyé ní 2005. Púpọ̀ nínú àwọn ère ńláńlá inú rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Ọ́síríà tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, tó kú sí Òṣogbo ní 2009, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ọmọ ìlú bíi Adébísí Àkànjí tí wọ́n jọ ṣe é. Bí a ti í ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Ojúbọ tí wọ́n ń bọ lónìí ni ibẹ̀. Ẹ má ya fọ́tò ẹni tó kúnlẹ̀ létí odò. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ afinimọ̀nà ibi tí wọ́n ń bọ́ bàtà, àti ibi tí wọn kì í tọ́ka sí. Ìgbàgbọ́ yín lè yàtọ̀, ìyẹn kò dí ọ̀wọ̀ lọ́wọ́. Omi odò yẹn ńkọ́? Ẹ má mu ún. Àwọn tó ń wa góòlù lókè odò ti sọ ọ́ di pupa rúsúrúsú, ọ̀rọ̀ náà sì ń dun gbogbo ẹni tó mọ bó ṣe mọ́ tẹ́lẹ̀. Bí ìdákẹ́jẹ́ ni ẹ ń wá, ẹ má lọ ní oṣù kẹjọ tí ọdún Ọ̀ṣun ń lọ lọ́wọ́. Bí èrò ni ẹ ń wá, ìgbà yẹn gan-an ni.

Ifẹ̀ gba àárọ̀ kan: Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn, lẹ́yìn náà ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin Ọọ̀ni. Ìpìlẹ̀ ilé ni wọ́n ń wà ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938 tí wọ́n fi kan àwọn orí tí a fi idẹ rọ. Ọ̀kan nínú wọn wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù títí di òní. Ẹ wo èyí tó ṣẹ́kù nílé.

Ní Ẹ̀rìn Ìjẹ̀ṣà, omi Olúmìrìn ń já bọ́ láti ìpele méje, ọ̀pọ̀ àlejò kì í sì í kọjá èkíní tàbí èkejì. Mi ò bá wọn wí. Lásìkò òjò ni omi máa ń pọ̀ tó sì máa ń dùn ún wò, ìgbà yẹn náà ni òkúta máa ń yọ̀ bí ọṣẹ. Ẹni tó dá rìn kò gbọ́dọ̀ dá gòkè níbẹ̀ rárá, nítorí bí ẹsẹ̀ bá yẹ̀, ariwo omi kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ igbe. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ní òun á bá yín gbé báàgì, ẹ gbà fún un.

Ìkọ́gòsì ní Èkìtì rọrùn fún ara lẹ́yìn èyí. Omi gbígbóná ń sun ní tirẹ̀, omi tútù ń sun ní tirẹ̀, wọ́n sì pàdé lójú kan. Ẹ lè ti ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ gbígbóná, kí ti òsì wà nínú tútù. Onílé yóò sọ fún yín pé ìyàwó méjì tí ọdẹ kan fẹ́ ni wọ́n, ọ̀kan oníbìínú, èkejì onísùúrù. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

Ìdànrè wá ni òpin ọ̀nà, òun sì ni mo fẹ́ràn jù. Àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 600, kò sì sí ẹ̀rọ tí yóò gbé yín. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Àwọn ibi ìsinmi wà lójú ọ̀nà. Ẹ lò wọ́n, kò sí ẹni tó ń bá yín díje. Ẹ dúnàádúrà pẹ̀lú afinimọ̀nà nísàlẹ̀, nítorí ẹni tó ti ń mí hẹlẹhẹlẹ lágbedeméjì òkè kò ní ẹnu owó mọ́. Ìlú odindi ló wà lókè yẹn: ààfin Ọwá, kọ́ọ̀tù, ilé ẹ̀kọ́. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ni àwọn aráàlú sọ̀ kalẹ̀ wá tẹ ìlú ti ìsàlẹ̀ dó. Láìsí afinimọ̀nà, ògiri tó ń wó lásán ni ẹ ó rí. Òun ni yóò fi àmì ara òkúta tí ẹnikẹ́ni kò tíì lè kà hàn yín, òun náà ni yóò mú yín dé ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn, tí wọ́n ní ó máa ń bá ẹsẹ̀ gbogbo èèyàn mu, àfi ti àjẹ́. Èmi náà ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Mi ò ní sọ bó ṣe rí.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún láàárọ̀ kí oòrùn tó mú, kí ẹ sì gbé omi tó pọ̀ dání. Bí ẹ bá padà sísàlẹ̀, itan yín yóò máa gbọ̀n. Ẹ má jókòó sídìí ọkọ̀ kí ẹ ní Èkó yá lọ́jọ́ náà. Ẹsẹ̀ tó ń gbọ̀n kò yẹ lórí bíréèkì, títì Ọ̀rẹ̀ sì kún fún tírélà. Mo mọ̀ pé àjò kò dùn kí onílé má relé. Síbẹ̀, ẹ wá iyán jẹ nílùú, kí ẹ padà sí Àkúrẹ́ tí kò jìnnà, kí ẹ gba yàrá, kí ẹ sì pe ilé pé ó di ọ̀la.