Orí Kẹjọ: Láti Ìjù Dé Etí Òkun Àgbádárìgì

Ìlú tó ní ìtàn bíi ti Àgbádárìgì kò pọ̀ ní Nàìjíríà. Ibẹ̀ ni igi Àgíà wà kó tó wó ní ọdún 1959, igi tí àwọn míṣọ́nnárì wàásù lábẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1842. Ibẹ̀ ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń pè ní àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ṣì dúró sí. Ọdún 1845 ni wọ́n parí rẹ̀. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti kó àìmọye èèyàn lẹ́rú wọ ọkọ̀ lọ láìpadà mọ́. Ó yẹ kí Yorùbá tó bá lè lọ síbẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n òkè àti igbó ni àwa ará Ìjù mọ̀. Odò tí a bí wa bá, èèyàn lè dúró ní bèbè kan kó pe ẹni tó wà ní bèbè kejì. Òkun kò rí bẹ́ẹ̀, ìdí nìyí tí mo fi ní kí a ka orí yìí kí a tó wọ bọ́ọ̀sì. Ọ̀nà jìn láti Ìjù dé Àgbádárìgì. Ẹ tètè gbéra, kí ilẹ̀ má baà ṣú mọ́ yín lójú ọ̀nà.

Láti inú ìlú, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé àlejò kọjá ọ̀sà lọ sí erékùṣù Gberefu, tí òkun wà ní ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ wọ ẹ̀wù tí ń gbé èèyàn léfòó, kí ẹ sì so okùn rẹ̀ dáadáa kí ọkọ̀ tó ṣí. Bí ẹ̀wù náà kò bá kárí, tàbí tí èrò ti pọ̀ jù, ẹ dúró de ọkọ̀ mìíràn. Ẹ má wọ ọkọ̀ lálẹ́.

Ẹ ó fi ẹsẹ̀ rìn lórí iyanrìn kí ẹ tó dé etí òkun, nítorí náà àárọ̀ ló dára jù. Ẹ dé fìlà tàbí kí ẹ wé gèlè, kí ẹ sì gbé omi dání. Kànga kan wà lójú ọ̀nà tí àwọn afinimọ̀nà máa ń sọ pé wọ́n fún àwọn ẹrú ní omi inú rẹ̀ mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Ẹ gbọ́ ìtàn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má mu omi rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òkun gan-an ló ká mi lára jù. Ìgbì ń ti omi wá sí etí òkun láìdúró. Omi yẹn gbọ́dọ̀ padà, ó sì máa ń wá ojú ọ̀nà tóóró kan láàárín ìgbì gbà, á wá ṣàn padà sí agbami pẹ̀lú agbára. Níbi tó ń gbà jáde, ìgbì kì í sábà fọ́. Ojú omi ibẹ̀ á dákẹ́. Àlejò á wò ó, á ní, "Ibí ló rọrùn láti wẹ̀." Ibẹ̀ gan-an ló ń gbé èèyàn lọ.

Bí omi bá gbé yín, ẹ má bá a jà, ẹ má sì wẹ̀ tààrà sí ilẹ̀. Ọ̀gá òmùwẹ̀ pàápàá kò lè borí rẹ̀. Omi náà kì í fa èèyàn wọ ìsàlẹ̀, agbami ló ń gbé e lọ. Ẹ dùbúlẹ̀ lórí omi kí imú yín wà lókè, kí ẹ na ọwọ́ kan sókè, kí ẹ sì kígbe. Bí ẹ bá lè wẹ̀, ẹ gba ẹ̀gbẹ́ lọ, kí etí òkun wà ní ọwọ́ kan yín, títí ẹ ó fi kúrò nínú ìṣàn náà. Nígbà náà ni kí ẹ tó kọjú sí ilẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn ló ń lọ, ẹ má bẹ́ tẹ̀ lé e. Ẹ ju kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí wọ́n dé pa sí i, kó dì í mú.

Lójú tèmi, ẹni tí kò mọ omi í wẹ̀ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí òkun kọjá ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá sì ń ya fọ́tò, kó má kẹ̀yìn sí ìgbì.

Ní ti oúnjẹ, ẹ jẹ èyí tó ṣì gbóná. Àgbọn pọ̀ ní Àgbádárìgì. Ẹ ní kí wọ́n bẹ́ ẹ lójú yín. Onígbáméjì jà ní Èkó ní oṣù kẹfà ọdún 2024, omi tí kò mọ́ sì ni ọ̀nà rẹ̀. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá mú ẹnikẹ́ni, ẹ po ìlàjì ṣíbí tíì iyọ̀ àti ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́fà tó tẹ́jú mọ́ lítà omi mímọ́ kan, kó máa mu ún díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ti ń gbé e lọ sí ọsibítù. Ní gbogbo Ìpínlẹ̀ Èkó, nọ́ńbà pàjáwìrì ni 112 tàbí 767.

Ẹ sùn sínú àwọ̀n, nítorí ẹ̀fọn fẹ́ràn ibi omi. Bí ara yín bá gbóná láàárín oṣù kan tí ẹ padà sí Ìjù, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò, kí ẹ sì sọ fún nọ́ọ̀sì pé ẹ sùn ní Àgbádárìgì. Ibà Lásà wà ní ìpínlẹ̀ tiwa, ó sì máa ń fara jọ ibà ẹ̀fọn níbẹ̀rẹ̀. Ibi tí ẹ ti ń bọ̀ á jẹ́ kí wọ́n mọ àyẹ̀wò tó yẹ kí wọ́n ṣe.