Bi Bí Wọ́n Ṣe Ṣe É Kí O Tó Yan Oúnjẹ Fún Un

Àjàní ọmọ mi,

Níwọ̀n ìgbà tí iṣẹ́ ilé oúnjẹ ti gbé ọ dé Cape Town, dandan ni kí oníbàárà bi ọ́ pé oúnjẹ wo ló bá wáìnì Chardonnay mu. Èsì tó wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé wáìnì funfun, ẹja ni. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí o má fi orúkọ àjàrà yan oúnjẹ. Bí wọ́n ṣe ṣe ọtí náà ni kí o kọ́kọ́ wádìí. Àgbàdo ló ń di ẹ̀kọ, òun náà ló ń di gúgúrú. Síbẹ̀, ẹni tó ń jẹ gúgúrú kì í wá mọ́ínmọ́ín kiri, ẹ̀pà ló ń wá.

Èso Chardonnay fúnra rẹ̀ kò ní òórùn tó le. Ilẹ̀, ojú ọjọ́ àti ọwọ́ ẹni tó ṣe é ló ń hàn nínú rẹ̀. Ní àfonífojì Hemel-en-Aarde, lẹ́bàá Hermanus, atẹ́gùn tútù orí òkun kì í jẹ́ kí àjàrà tètè pọ́n, kíkan rẹ̀ kì í sì í sọnù. Ní Robertson, tó jìnnà sí òkun díẹ̀, oòrùn mú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìkórè, ọtí tí wọ́n fi sínú táǹkì irin yóò kan bí ápù tútù. Èyí tó wọ àgbá igi óákù tí wọ́n fi iná yan inú rẹ̀ yóò gba òórùn èéfín àti fàníla. Bakitéríà kan tún wà tó ń sọ kíkan bíi ti ápù di kíkan bíi ti wàrà. Òun ló ń mú kí òmíràn ta sánsán bíi bọ́tà.

Wo ẹja méjì. Kingklip tí wọ́n fi iyọ̀ díẹ̀ sè, ti inú táǹkì ló yẹ ẹ́, torí kíkan ọtí náà ń ṣe iṣẹ́ ọsàn wẹ́wẹ́ lára rẹ̀. Gbé ti inú àgbá tì í, igi yóò bo adùn ẹja mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n snoek tí àwọn ará Cape ń yan lórí ẹyín iná, tí wọ́n fi bọ́tà àti jáàmù apricot pa lára, ọ̀rá àti èéfín wà lára rẹ̀. Ti inú àgbá ló lè dúró tì í. Ẹja ni méjèèjì, ọtí wọn kò jọra.

Ẹnìkan lè ní ohun tí ẹnu kálukú bá fẹ́ ló dára. Òótọ́ ni, má bá oníbàárà jiyàn. Àmọ́ ẹni tó bi ọ́, ìmọ̀ ló ń wá. Àwọn mìíràn á ní kí o gbé èyí tó wọ́n jù wá. Àgbá titun wọ́n lóòótọ́, owó rẹ̀ sì wà lórí ìgò, ṣùgbọ́n owó kò lè rẹ́ igi pọ̀ mọ́ ẹja tó fúyẹ́. Ó ku àwọn ará ilé wa tó fẹ́ fi Chardonnay sin ọbẹ̀ ata rodo. Ọtí máa ń mú kí ata jó ni sí i, Chardonnay sì sábà máa ń ní ọtí tó ìdá 13 nínú 100. Kọ́rì àwọn Cape Malay, tí èròjà olóòórùn dídùn pọ̀ nínú rẹ̀ ju ata lọ, bá èyí tí àgbá kò pọ̀ lára rẹ̀ mu. Ọbẹ̀ ata tiwa, omi tútù ló yẹ ẹ́.

Nítorí náà, kí o tó dá oníbàárà lóhùn, bi agbọ́tí bóyá ọtí náà wọ àgbá, kí o sì bi alásè ohun tó dà sórí oúnjẹ náà. Abéèrè kì í ṣìnà. Nígbà tí àyè bá sì gbà ọ́, tọ́ méjèèjì wò pọ̀ fúnra rẹ, kó lè jẹ́ ohun tí ahọ́n rẹ ti jẹ́rìí sí ni wàá máa sọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Adéwálé